Lẹ́ǹsì Tí Kò Pa Ojú Dé Mọ́: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, gbogbo ẹni tó ń fi kámẹ́rà jẹun lágbègbè wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Aperture ló gba ojú ìwé yìí lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn ihò inú lẹ́ǹsì tó ń fẹ̀, tó sì ń kéré, láti fi díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé. Nọ́ńbà f ló ń sọ bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó: bí nọ́ńbà bá kéré, bíi f/1.8, ihò fẹ̀; bó bá tóbi, bíi f/16, ihò kéré. Àwọn lẹ́tà tó jọra, a dà wọ́n pọ̀ sí ẹyọ kan.

ÌBÉÈRÈ (Tàkíé, Ògbómọ̀ṣọ́): Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ òde àríyá ni mo ń ṣe, lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 ni mo sì ń lò. Nínú gbọ̀ngàn, tí mo bá wà ní f/1.8 tàbí f/2, fótò ń jáde bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n tí a bá bọ́ síta láti ya tẹbí-tará pọ̀, tí mo gbé e sí f/8, gbogbo rẹ̀ á funfun báláú, iṣẹ́ ara léèsì ìyàwó á pòórá. Tí mo bá yọjú wo inú kámẹ́rà, kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n ní sensor, ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, ló ti lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì náwó lórí sensor. Sensor tó bàjẹ́ kò ní ṣojúsàájú láàárín f/1.8 àti f/8, méjèèjì ni ì bá bàjẹ́. Lẹ́ǹsì ni kí ẹ mú.

Àwọn ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú lẹ́ǹsì, 5 sí 9 nínú ọ̀pọ̀ wọn, tí wọ́n gùn lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Àwọn ló ń ṣe ihò náà. Bí ẹ ṣe yí nọ́ńbà sí f/8 yẹn, wọn kò tíì mira rárá. Kámẹ́rà tó ní dígí nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní DSLR, á fi wọ́n sílẹ̀ ní lílà gbayawu kí ẹ lè ríran dáadáa. Ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì fótò gan-an ni wọ́n tó máa sún mọ́ra dé ìwọ̀n f/8. Shutter, ìyẹn ilẹ̀kùn iwájú sensor, á ṣí, á pa dé, àwọn ewé á sì tún là padà. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Ìdí rèé tí ojú kámẹ́rà fi ń sọ fún yín pé àlàáfíà ni.

Ní f/1.8, ihò lẹ́ǹsì 50mm fẹ̀ tó nǹkan bíi 28mm. Ní f/8, 6mm àti díẹ̀ ni. Bí ewé bá wá kọ̀ láti pa dé nígbà tí kámẹ́rà ti ṣírò f/8, ìmọ́lẹ̀ tó máa wọlé á tó nǹkan bí ìlọ́po 20 èyí tó yẹ. Ibo ni iṣẹ́ ara léèsì máa gbà hàn?

Kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ gbé kámẹ́rà lé tábìlì tàbí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ó dojú kọ ògiri tó wà ní ibòji lọ́sàn-án, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti ní yí padà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi sí M, níbi tí ẹ ti ń yan gbogbo nǹkan fúnra yín, ISO (ìyẹn bí sensor ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó) 100, ẹ pa flash, ẹ pa Auto ISO. Ẹ wá ya fótò mẹ́fà báyìí (nọ́ńbà kejì ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tí shutter fi ń ṣí): f/2.8 pẹ̀lú 1/1000, f/4 pẹ̀lú 1/500, f/5.6 pẹ̀lú 1/250, f/8 pẹ̀lú 1/125, f/11 pẹ̀lú 1/60, f/16 pẹ̀lú 1/30. Bí ti àkọ́kọ́ bá ṣókùnkùn jù, ẹ gbé ISO sókè kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má yí i láàárín. Gbogbo ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ tí ihò ń gbà wọlé bá dín sí ìdajì, àkókò ti di ìlọ́po méjì, nítorí náà fótò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ jọra bí ìbejì. Bí wọ́n bá ń funfun sí i láti f/2.8 lọ, ewé kò pa dé. Bí f/4 àti f/5.6 bá dáa, àmọ́ tí f/8 sókè ń funfun, wọ́n ń pa dé dé ibì kan ni, wọ́n á sì há. Bó bá jẹ́ pé f/2.8 àti f/4 ló ṣókùnkùn, tí f/16 dáa, ìdàkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀: wọ́n há síbi tí wọ́n ti pa dé, ojú kámẹ́rà náà á sì ṣú, autofocus, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú kí fótò mọ́ kedere fúnra rẹ̀, á máa lọ sí iwájú sẹ́yìn láìrí ibi dúró. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá dọ́gba, lẹ́ǹsì kò lẹ́ṣẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ fi kámẹ́rà sí f/16 àti ìṣẹ́jú-àáyá 2, ẹ yí iwájú lẹ́ǹsì sí ojú yín, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Ẹ ó rí ihò kékeré láàárín fún ìṣẹ́jú-àáyá méjèèjì. Ó yẹ kó já sí ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pàá! Bó bá ń rọra fà bí ìgbín, epo ti dé ara ewé. Bí kò bá mira rárá, ohun tó ń tì í ló kú. Bí ihò bá wọ́, tí ewé kan rọ̀ sínú ju àwọn yòókù lọ, ewé yẹn ti jábọ́ lára ìṣó kékeré tó so ó mọ́lẹ̀. Lẹ́ǹsì tó ti já lulẹ̀ rí la sábà máa ń rí ìyẹn lára.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ewé náà nígbà tó bá pa dé. Ewé tó mọ́ máa ń dúdú rébété, kì í dán. Èyí tí epo ti mú á ní ojú ibi tó ń dán yàtọ̀, bíi bébà tí wọ́n fi di àkàrà.

Níbo lepo ti wá? Girísì wà nínú ìlà tí òrùka focus ń yí lórí. Bí ooru bá mú lẹ́ǹsì léraléra, epo inú girísì á yọ́ sọ́tọ̀, á fi girísì gbígbẹ sílẹ̀, á máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí á fi kan ewé. Lẹ́ǹsì tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń yan nínú oòrùn, ní ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn, láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣe ìdúpẹ́ tán, ti gba ìwé ìpè. Sípíríǹgì tàbí ẹ̀rọ tó ń ti ewé kò lágbára, nítorí pé kí ó lè yára ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Epo fẹ́lẹ́ ti tó láti lẹ ewé mọ́ra, bí ọ̀rá méjì tí omi wà láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí shutter tó pẹ́ fi máa ń bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀: ní 1/2, ewé tó ń fà ti ráyè dé ibi tó ń lọ, ní 1/500 ilẹ̀ ti ṣú bá a lọ́nà.

ÌBÉÈRÈ (Under G, Ògbómọ̀ṣọ́): Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí, mo ń ya àwọn tó ń gboyè. Canon ni kámẹ́rà mi, lẹ́ǹsì zoom f/4 ló sì wà lórí rẹ̀. Ó ń kọ Err 01, ó ní kí n nu ibi tí lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà ti fara kanra. Mo ti fi èrásà nù ún títí ó fi ń dán, kò yí padà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé tí mo bá ti fi sí f/4, kì í kọ ọ́ rárá. Tó bá ti di f/5.6, ó dé nìyẹn.

ÌDÁHÙN: Gbólóhùn yín tó kẹ́yìn ló sọ àìsàn náà. Láti ọdún 1987 tí Canon ti gbé lẹ́ǹsì EF jáde, kò sí irin kankan láti ara kámẹ́rà tó ń ti ewé. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀, àṣẹ sì ń gba ojú irin aláwọ̀ góòlù wọnnì wọlé, á gba inú wáyà pẹlẹbẹ tó tín-ín-rín bí ọ̀rá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà. Tó bá jẹ́ pé ojú irin yẹn ló dọ̀tí, autofocus pàápàá á máa ṣe ségesège, f/4 náà kò sì ní yọ. Ní f/4, tí í ṣe ibi tó ti là tán, kò sí iṣẹ́ tí wọ́n rán ewé, kò sì sí ohun tí kámẹ́rà máa kígbe lé. Ní f/5.6 ó rán an níṣẹ́, kò gbọ́ èsì, ó bá kọ Err.

Nínú lẹ́ǹsì zoom, wáyà pẹlẹbẹ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí zoom, ó ń ká, ó ń nà, ní ojú ibì kan náà. Ẹ wo owó bébà tí wọ́n ń ká síbi kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́ta, ẹ mọ ibi tó ti máa ń ya. Ìlà kọ́pà inú wáyà náà á là, bí kò tilẹ̀ tíì já síta. Ẹ dán an wò: ẹ fi zoom sí ibi tó gba àyè jù, ẹ ya márùn-ún ní f/8. Ẹ bọ́ sí àárín, ẹ ya márùn-ún. Ẹ bọ́ sí ibi tó fa nǹkan súnmọ́ jù, ẹ ya márùn-ún. Bí Err bá ń yan ibi tó ń jáde, wáyà ni. Bó bá jẹ́ gbogbo ibi, wáyà ti já pátápátá tàbí kí ẹ̀rọ náà ti kú, ẹni tó bá ṣí i ló máa mọ̀.

Ẹ tún fi lẹ́ǹsì yẹn sára kámẹ́rà ẹlòmíràn, kí ẹ fi lẹ́ǹsì tiẹ̀ sára tiyín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò gbà, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ títún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ti èrásà yẹn, ẹ dákun ẹ ṣíwọ́. Èéfọ́ rẹ̀ máa ń bọ́ sínú kámẹ́rà, ó sì ń bó góòlù ojú irin náà. Aṣọ tí a fi ń nu awò ojú, ní gbígbẹ, ti tó. Bí ìdọ̀tí bá le, ẹ fi isopropyl alcohol 99% kan etí aṣọ náà, kì í ṣe kí ẹ dà á sí ara lẹ́ǹsì. Pẹtiróòlù kò dáa, bébà ìfági burú jù.

Ní báyìí tí ẹ kò tíì tún un ṣe, ẹ ṣì lè fi f/4 ṣiṣẹ́ ìgboyè. Oòrùn ọ̀sán gangan, ní ISO 100, ń gba f/16 pẹ̀lú 1/100. Láti f/16 sí f/4 jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì, nítorí náà 1/1600 ni ẹ ó lò, kámẹ́rà kékeré pàápàá ní i. Ẹni tó kọ̀wé láti Tàkíé ni tiẹ̀ le díẹ̀: f/1.8 nínú oòrùn kan náà ń béèrè 1/8000, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà aláàbọ̀ owó sì ń dúró ní 1/4000. Kí ó ra gíláàsì dúdú ND8 tó wọ ẹnu lẹ́ǹsì rẹ̀, yóò wálẹ̀ sí 1/1000. Tàbí kí ó kó ẹbí lọ sábẹ́ igi máńgòrò, Ògbómọ̀ṣọ́ kò kúkú wọ́n wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún ìlà ẹ̀yìn nínú fótò ọlọ́pọ̀ ènìyàn o, kí ó má baà rú. Pẹ̀lú kámẹ́rà tí sensor rẹ̀ kéré, èyí tí wọ́n ń pè ní crop, ní 50mm, bí ẹni tí ẹ focus sí bá wà ní mítà 5, ohun tó máa mọ́ kedere ní f/4 jẹ́ láti mítà 4.3 sí 5.9. Ìlà méjì wọ inú rẹ̀ dáadáa, ìlà mẹ́ta bí wọ́n bá fún mọ́ra. Ní f/1.8, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 70cm lọ, ìlà kan ni kí ẹ tò wọ́n.

Ẹni tó bá máa pààrọ̀ wáyà náà gbọ́dọ̀ tú lẹ́ǹsì dé agbedeméjì. Òrùka bébà tàbí irin fẹ́lẹ́ máa ń wà lábẹ́ àwọn gíláàsì kan, iye wọn àti ipò wọn kì í ṣe àwàdà. Bí ó bá dá wọn padà ní òdì, apá kan fótò á mọ́, apá kejì á rú. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá lọ gbà á, ẹ ya ògiri bíríkì ní f/4 kí ẹ fi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wéra, kí ẹ tún ya fótò tí a kọ́ ẹni Tàkíé, láti f/4 lọ, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí owó tó ń béèrè bá ti kọjá ìdajì iye tí irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ ń lọ ní tòkunbọ̀, lójú tiwa, ẹ ra òmíràn.

ÌBÉÈRÈ (Ọ̀yọ́): Ẹ jọ̀wọ́, mo ra lẹ́ǹsì Nikon tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan. Nígbà tí mo délé tí mo gbé e sókè sí iná, àṣé ewé rẹ̀ ti pa dé, ihò rẹ̀ kò ju orí ìṣáná lọ. Ti Canon ẹ̀gbọ́n mi là gbayawu. Ṣé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì?

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Láti 1959 tí ìdí lẹ́ǹsì Nikon F ti dé, irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló yọ lẹ́yìn rẹ̀. Sípíríǹgì ń fa ewé pa dé, kámẹ́rà ló ń fi irin tirẹ̀ gbé e là. Nígbà tí kò bá sí kámẹ́rà lẹ́yìn rẹ̀, ó yẹ kó pa dé. Ti Canon kò ní irú irin bẹ́ẹ̀, lílà ni ó sábà máa ń wà. Kódà bí ẹ bá rí Canon tó pa dé díẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n yọ ọ́ nígbà tí ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì àyẹ̀wò ìjìnlẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí tó ń pa ewé dé kí ẹ lè wo ibi tó máa mọ́ kedere. Ẹ fi sára kámẹ́rà, ẹ tan án, á là.

Ohun tó yẹ kí ẹ ti ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó tà á, ẹ ṣe é báyìí. Ẹ fi èékánná rọra ti irin yẹn dé òpin, ewé á là. Ẹ fi í sílẹ̀ lójijì. Ó gbọ́dọ̀ fò padà kí ojú yín tó bá a. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ẹ bá rí i tó ń rìn padà, epo ni, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Bí irin náà bá tẹ̀, ẹ má fi ẹ̀mú tọ́ ọ, nítorí mìlímítà kan ṣoṣo ń yí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ padà. Kì í ṣe gbogbo Nikon ló sì ní i: èyí tí lẹ́tà E bá wà lẹ́yìn f rẹ̀, àti ti Z, iná ló ń ti ewé wọn.

ÌBÉÈRÈ: Nikon mi ń kọ fEE, kò sì fẹ́ yà.

ÌDÁHÙN: Lẹ́ǹsì àtijọ́ tó ní òrùka aperture ló wà lórí rẹ̀. Ẹ yí òrùka náà sí nọ́ńbà tó tóbi jù, 16 tàbí 22, tí wọ́n sábà máa ń fi àwọ̀ ọsàn kọ, kí ẹ tì í síbẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ (Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́): Ewé lẹ́ǹsì mi ń lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n ní kí n fín WD-40 sí i díẹ̀, kí ó lè yọ̀. Ẹlòmíràn ní kẹrosíìnì. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Kò sí èyí tí ẹ máa ṣe nínú méjèèjì. Ewé aperture kì í fẹ́ epo rárá, gbígbẹ ni wọ́n kọ́ ọ láti máa rìn. Epo gan-an ló ń bá a jà, ẹ wá fẹ́ fi kún un. Ẹni tó bá fín WD-40 sí i á rí i kó yọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, inú rẹ̀ á dùn, lẹ́yìn náà epo á ti tàn dé ojú gíláàsì, gbogbo fótò á máa ní kùrukùru, ewé á sì tún lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tó tọ́ kò dùn mọ́ni, nítorí pé kíkó ewé jáde ni. Wọ́n á tú u, wọ́n á kọ́kọ́ ya fótò bí ewé ṣe gùn lé ara wọn, wọ́n á fi ẹ̀mú kékeré kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò ní fi ìka kan án. Ojú méjèèjì ewé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa fi naphtha, èyí tí wọ́n ń rọ sínú láítà, tàbí isopropyl 99% nù, títí aṣọ funfun kò fi ní gba nǹkan mọ́ lára rẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ. Ewé kan tó bá tẹ̀ díẹ̀ á máa kọ́ èkejì lẹ́sẹ̀, nítorí náà bó ṣe ń jáde ni kí ó ṣe padà. Acetone tí àwọn obìnrin fi ń pa kùtẹ́ẹ̀sì rẹ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀, ó ń yọ́ ọ̀pọ̀ pílásítíìkì. Naphtha náà ń gbaná bí ẹ̀tù: kò sí àbẹ́là, kò sí sítóòfù nínú yàrá náà.

Àwọn kan máa ń da naphtha sórí ewé láìtú lẹ́ǹsì, wọ́n á máa ṣí i, wọ́n á máa pa á dé. Ó ń fọ epo kúrò níbi tí ojú ń rí, ó ń tì í sí ibi tí ojú kò rí, epo á sì padà wá kí yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni orísun rẹ̀. Bí wọ́n bá fọ ewé tán tí girísì àtijọ́ ṣì wà nínú òrùka focus, epo tuntun ń bọ̀ lọ́nà. Kí wọ́n nu girísì yẹn kúrò pátápátá, kí wọ́n fi ti lẹ́ǹsì, fẹ́lẹ́ báyìí, pa ojú ìlà rẹ̀. Girísì bíárínì ọkọ̀ kì í ṣe fún èyí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe pé irú girísì wo ló fẹ́ fi sí i. Bó bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ gbé lẹ́ǹsì yín.

Lẹ́ǹsì àtijọ́ tí a ń fi ọwọ́ yí, tí kò ní autofocus, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lè dán an wò nílé. Èyí tó ní wáyà nínú, ẹ fi sílẹ̀ fún oníṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé fóònù tó ní f/1.8 náà ní ewé tó lè há?

ÌDÁHÙN: Ọ̀pọ̀ fóònù kò ní ewé kankan. Ihò wọn kì í yí padà, shutter àti ISO ni fóònù fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Samsung Galaxy S9 ti ọdún 2018 wà lára ìwọ̀nba tó ní ihò méjì, f/1.5 àti f/2.4. Bí fóònù yín bá ń ya funfun, ẹ kọ́kọ́ nu ojú gíláàsì rẹ̀ ná.

ÌBÉÈRÈ (Aróje, Ògbómọ̀ṣọ́): Ọyẹ́ fẹ́ dé. Báwo ni kí n ṣe tọ́jú lẹ́ǹsì mẹ́ta tí mo ní, tí irú nǹkan báyìí kò fi ní ṣe wọ́n? Ọ̀kadà ni mo máa ń gùn lọ sóde.

ÌDÁHÙN: Ooru ni kí ẹ bẹ̀rù ju ọyẹ́ lọ. Eruku ọyẹ́ kì í sábà mú ewé lẹ̀, òrùka zoom àti ojú irin góòlù ló ń bá jà. Ẹ fi fìlà lẹ́ǹsì bo iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbọn ìdí lẹ́ǹsì kí ẹ tó fi sára kámẹ́rà, kí ẹ sì kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ pa kámẹ́rà kí ẹ tó yọ lẹ́ǹsì. Ẹ fi àmì ojú méjèèjì kanra kí ẹ tó yí i, bí kò bá sì lọ, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un fi, ẹ má fi agbára gbá a. Irin Nikon tó ń tẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń tẹ̀.

Ọkọ̀ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ sínú oòrùn, ẹ má fi lẹ́ǹsì síbẹ̀, ìbáà ṣe wákàtí kan. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí ó wà nílẹ̀ ìsàlẹ̀ ìjókòó, nínú àpò, kí aṣọ funfun bò ó. Lórí ọ̀kadà, ẹ̀yìn yín ni kí ẹ gbé báàgì kọ́. Bí ẹ bá so ó mọ́ ọ̀kadà, gbígbọ̀n rẹ̀ á máa tú àwọn skúrù kéékèèké inú lẹ́ǹsì.

Oòrùn tún ní ọ̀nà mìíràn. Lẹ́ǹsì gígùn, bíi 400mm sókè, tí a kọjú rẹ̀ sí oòrùn láìsí gíláàsì oòrùn níwájú rẹ̀, ń ṣe bí gíláàsì tí ọmọdé fi ń dáná sun koríko. Lẹ́yìn tí òṣùpá bo oòrùn lójú ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 2017, àwọn lẹ́ǹsì kan wà tí ewé aperture wọn yọ́, tí ó sì rọ̀ bí ewé tí iná là. Ẹ má gbé e lé èjìká pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ sókè.

Bí ẹ bá ń jáde láti gbọ̀ngàn tí AC ti mú tutù, ẹ ti báàgì pa kí ẹ fi sílẹ̀ ní ìta fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ẹ tó ṣí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìrì á sẹ̀ sínú. Lẹ́ǹsì tí ẹ kò bá lò, ẹ fi sára kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ ya bíi fótò 20 ní f/16, kí ewé má gbàgbé ìrìn.

Ní ti òjò, ọ̀rinrin ló ń mú kí gíláàsì bu, tó sì ń ta ìpẹtà sójú irin. Ẹ ra ike oúnjẹ tí ẹnu rẹ̀ ń pa dé dáadáa, ẹ fi silica gel, hóró kéékèèké tó ń fa omi mọ́ra, bíi 200g sínú, àti aago kékeré tó ń ka ọ̀rinrin. Láàárín 40% àti 50% ni kí ó wà. Ìrẹsì tútù tí àwọn ènìyàn ń lò kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì ń wọ òrùka. Silica gel aláwọ̀ búlúù á di pupa rẹ́súrẹ́sú nígbà tó bá ti mu omi yó, aláwọ̀ ọsàn á di àwọ̀ ewé. Ẹ tẹ́ ẹ sínú páànù, ẹ gbé e sínú ààrò bí 120°C fún wákàtí kan sí méjì, àwọ̀ rẹ̀ á padà. Ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó dá a padà sínú ike. Kẹ́míkà tó ń mú ti búlúù yí àwọ̀ kò dáa fún ara, nítorí náà ẹ ya páànù yẹn sọ́tọ̀, kí ìyàwó ilé má lọ fi dín dòdò.